Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin wa ní Kubwa: Ẹ gbé oògùn ìsanra kúrò nínú ìpàdé

Sí Ìyálóde wa, sí alága, akọ̀wé, akápò àti gbogbo ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá àdúgbò wa, Kubwa, Abuja.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n dìde wàyí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ní ìpàdé tó kọjá, ohun mẹ́ta lẹ fẹnu kò lé lórí. Ẹ ní lọ́jọ́ ọdún ẹgbẹ́, àwọn "tó lára" ni yóò jó síwájú kí ankara lè jókòó dáadáa, kí àwa lẹ́pa tò sẹ́yìn. Ẹ ní kí akọ̀wé kọ orúkọ àwa lẹ́pa sílẹ̀. Ẹ wá ní kí màmá tó ń ta oògùn ìsanra máa gbé tábìlì wá sí ìpàdé oṣooṣù, kí ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ gbà á láwìn, kí alájẹṣẹ́kù bá a san án, kí wọ́n sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tó ń dá. Mo nawọ́, ẹ ò pè mí. Nígbà tí mo dìde fúnra mi, ẹnì kan ní kí n lọ jẹun ná kí n tó wá sọ̀rọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà ìparí, ó tán.

Ó dáa. Mo ti jẹun. Ẹ wá gbọ́.

1. Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀

Mo rí orúkọ mi lórí ìwé náà, mo sì rí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ẹ gbé lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó kọ ọ́. Ojú lẹ fi wọ̀n wá. Àwọn dókítà ní ìṣirò kan tí kò le: wọ́n á mú kílò ènìyàn, wọ́n á fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, wọ́n á tún fi gíga yẹn kan náà pín èyí tó jáde. Bí iye tó kẹ́yìn bá bọ́ sí àárín 18.5 sí 24.9, ara ẹni náà wà níwọ̀n. Bó bá wà lábẹ́ 18.5, wọ́n á ní ó ti rù jù. Èmi ga ní mítà 1.65, kílò 52 sì ni mo wọ̀n. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ ṣírò ó: 19.1 ni. Ìṣirò yìí náà ní àbùkù tirẹ̀ o. Kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí lára ènìyàn. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ìyá ẹgbẹ́ kan máa wo ẹ̀yìn wa bí a ṣe ń kọjá lọ gbé àga.

Lára àwọn tí ẹ kọ, ẹnì kan ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan ní àìlera tí wọn ò fẹ́ kí ayé gbọ́. Ìwé yẹn ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́, àwọn ọkọ kan ti kà á, ẹnì kan tilẹ̀ ti bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé òun ni kò fún un lóúnjẹ. Ta ló rán yín nírú iṣẹ́ yìí?

2. "Ẹ jẹun dáadáa"

À ń jẹun, ẹ̀yin ìyá mi. Ìyá tó bí bàbá mi tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi kú, ó sì gbó, ó tọ́, ó kọ ebè iṣu títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi gbé ọkọ́ mọ́. Bàbá mi tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbọdọ̀ bá wọn jókòó ti iyán bí ẹ bá fẹ́ yó.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2019, Sadaf Farooqi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara wọn sì dá ṣáṣá. Wọ́n yẹ àbùdá àwọn 1,622 wò, wọ́n fi wé ti àwọn tó sanra gan-an. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló ní ẹbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiwọn, wọ́n sì rí i nínú àbùdá wọn pé ohun tí wọ́n jogún wà lára ohun tó fà á.

Èyí tó pẹ́ jù ú lọ ló dùn mọ́ mi jù, torí ọ̀rọ̀ ìbejì ni. Ní 1990, Claude Bouchard àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà tẹ àbọ̀ tiwọn jáde. Wọ́n kó ìbejì ọ̀nà 12 jọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ni gbogbo wọn, irú ìbejì tó jọra délẹ̀ tí ojúlùmọ̀ á máa ṣì wọ́n pè. Wọ́n ń fi kálórì 1,000, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ, lé ohun tí ara wọn nílò lóòjọ́ fún ọjọ́ 84. Àlékún kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Ẹni tó fi kún kéré jù fi kílò 4.3 kún, ẹni tó fi kún jù fi kílò 13.3 kún. Bí Táíwò kan bá sì ti ṣe, Kẹ́hìndé rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé abọ́ ọbẹ̀ kan péré ló wà láàárín èmi àti alága wa, ẹ ro ti àwọn ìbejì yẹn wò.

3. Ohun tó wà lórí tábìlì náà

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Ọjà oríṣi méjì ni màmá náà pàtẹ. Ọ̀kan jẹ́ oògùn olómi inú ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Èkejì jẹ́ kápúsù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí kò ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Mo bi í, ó ní ewé àti egbò lásán ni, pé kò lè pani lára. Ẹ̀yin ìyá mi, láti 1993 ni òfin ti gbé NAFDAC kalẹ̀. Oògùn tí wọn ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, títà rẹ̀ lòdì sófin, ìbáà jẹ́ ewé, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó. Ẹ máa ń yẹ ẹ̀yìn páálí wò kí ẹ tó ra ìyẹ̀fun ọmọ. Kí ló dé tí ẹ ò yẹ èyí wò?

Mo ka ara ìgò. Cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fítámì. Oògùn tí wọ́n fi ń dá ara yíyún àti imú tó ń ṣàn dúró ni. Ebi tó máa ń pa ẹni tó bá lò ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó ń bá a rìn. Oorun, òòyì, ẹnu gbígbẹ àti ojú tó ń ṣú náà wà níbẹ̀. Ó ti ṣe àwọn kan ní ẹ̀dọ̀ rí, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, orúkọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sì wà lórí ìwé yín. Apetamin tí àwọn ọmọbìnrin ń tìtorí ìdí kiri wá, òun náà ló wà nínú rẹ̀. FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ fáráyé pé àwọn ò fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo ìgbésí ayé wa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí a lè bọ́ sọ́nà ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó gbé oògùn oorun mì lálẹ́, tí ojú rẹ̀ kò tíì dá, òun náà ló fẹ́ wakọ̀ láàárín àwọn tírélà láti Kubwa dé Wuse?

Ti kápúsù inú ọ̀rá ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rọ sínú irú rẹ̀ ni dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. N kò lè búra pé òun ló wà nínú ti màmá yìí. Ẹni tó ń tà á gan-an kò lè búra pé òun kọ́. Oògùn tó níyì ni wọ́n níbi tí dókítà bá ti lò wọ́n: ikọ́ fée tó le gan-an, ara tó ń bá ara rẹ̀ jà, kódà ní 2020, dexamethasone wà lára ohun tó dín ikú kù láàárín àwọn aláìsàn Kòrónà tó wà lórí afẹ́fẹ́ ọ̀síjìn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa jẹ ẹ́ torí ara, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ìparun ni. Ojú á wú rogodo. Ikùn á yọ síwájú. Ẹ̀yin á ní, "Ó ti ń lára!" Omi àti ọ̀rá lẹ rí yẹn, iṣan apá àti ti itan tí ẹ ní kí a wá kún, ńṣe ni oògùn náà ń jẹ wọ́n tán lábẹ́lẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ẹ̀jẹ̀ ríru á dé, egungun á máa di ẹlẹgẹ́, àrùn kékeré á máa rí ènìyàn gbé ṣánlẹ̀.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ ni ti ọjọ́ tí wọ́n bá jáwọ́. Ẹ̀yà ara kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa tó ń pèsè irú nǹkan yìí fún ara fúnra rẹ̀. Bó bá ti ń wá láti ìta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sinmi iṣẹ́. Bí ẹni náà bá wá dédé dá kápúsù dúró, bóyá torí owó tán, wọn ò ní tètè jí. Ó lè máa bì, ó lè dákú, ó sì lè kú.

Kẹ́míìsì orí títì tó gbàṣẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta irú oògùn bẹ́ẹ̀, ilé oògùn tó ní apòògùn lòfin gbé e fún, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ohun tí kẹ́míìsì ò gbọdọ̀ tà ni ẹ̀ ń tà láàárín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé.

4. Owó alájẹṣẹ́kù

Èyí kò gùn. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ní ọ̀rọ̀ òwò, owó ilé ìwé ọmọ àti àìsàn ni a ń yáwó sí. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Oògùn ìsanra kì í ṣe ìkankan nínú wọn, ẹ ò sì dìbò lé e. Màmá tó ń tajà gbowó rẹ̀ pátá, àwa la jẹ gbèsè. Mo tún gbọ́ pé ó ń fún ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní nǹkan lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí irọ́ ni, ẹ sọ fún wa lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé irọ́ ni.

5. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣàdédé lọ

N kò sọ pé kò sí ẹni tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí?" Ẹni tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré yàtọ̀ sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára láìjẹ́ pé ó ń wá a. Bí ènìyàn bá pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí kò mọ ohun tó fà á, ó yẹ kó rí dókítà. Fún ẹni tó wọ̀n kílò 60, kílò mẹ́ta péré nìyẹn. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀yà ọrùn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì ló ń sáré jù, ó lè jẹ́ HIV, ó lè jẹ́ ìrònú tí kò jẹ́ kó sùn. Bí ẹ bá gbé oògùn ebi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti bá àìsàn rẹ̀ fara pamọ́. Ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ò rí wọn pè, ọlọ́jà lẹ pè.

6. Ẹni tó bá fẹ́ kún sí i

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Obìnrin tó fẹ́ kún díẹ̀, tó fẹ́ kí ìdí òun yọ nínú ìró, ara rẹ̀ ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Èmi náà fẹ́ràn bí itan mi ṣe le ní báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà wà tí kò gba orí tábìlì yẹn kọjá.

Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Kálórì 300 sí 500 lé oúnjẹ òòjọ́ ti tó, kó máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá tètè máa ń yó, kó má fi omi tàbí mínírà kún ikùn kó tó jẹun, kó sì pín oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. A sì wà níbi tí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà lójú títì: fúrà dà nónò, kunu ẹ̀pà, dàbínù, ẹ̀wà, ẹyin, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, píà lásìkò rẹ̀. Ẹ̀pà gíráàmù 100 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 570, pẹ̀lú purotéènì bíi gíráàmù 25. Owó ìgò kan lórí tábìlì yẹn á ra ẹ̀pà tí ilé odindi á jẹ fún ọ̀sẹ̀.

Oúnjẹ nìkan, ikùn ló sábà máa ń kó sí. Iṣẹ́ ara ló ń rán an lọ sí iṣan. Iṣan ìdí ló tóbi jù nínú gbogbo iṣan ara ènìyàn, bí iṣan yòókù náà ló ṣe ń gbọ́ràn: ẹ gbé ẹrù lé e, á dàgbà. Jókòó-dìde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́, gígun àtẹ̀gùn, gbígbé nǹkan wúwo kúrò nílẹ̀, bí ó bá ti ń rọrùn kí ẹ fi kún ẹrù náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ní kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, àtẹ́ẹ́rẹ́ àtọ̀rọ̀bọ̀. Ẹ wo itan àwọn mai ruwa tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi gòkè àdúgbò wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló fún wọn ní oògùn olómi mu?

Oṣù ni wọ́n fi ń ka èyí, kì í yá. Ibì kan sì wà tí kò lè dé. Kò lè mú egungun ìbàdí gbòòrò, kò lè pàṣẹ fún ara ibi tó máa kó ọ̀rá sí. Ẹni tó bá ṣe é dé ibi tó lè ṣe é dé, tó wò ó, tó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan rárá, tó fẹ́ràn ara rẹ̀ bó ṣe wà, ẹni yẹn gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀ jù.

7. Ẹ̀rín àti ijó

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀bọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpàdé, pé àga á wó. Ẹgbẹ́ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni "igi ìṣáná", "egungun eléépo", "ọkọ ẹ máa ń fi ẹ́ hayín ni" wá ṣe tó fi di àwàdà? Màmá Hausa tó ń ta másà lẹ́nu ọ̀nà wa náà máa ń rí mi, á pariwo "Kin rame!", á ní mo ti rù, á wá fi másà kan lé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Tirẹ̀ yé mi. Kò kọ orúkọ mi sílẹ̀, kò sì yá mi lówó lé e.

Ní ti ankara, télọ̀ ló ń mú aṣọ jókòó. Ní ti ijó, gbogbo yín mọ àwọn tó mọ ijó jó nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ sì mọ̀ pé méjì nínú wọn wà lórí ìwé lẹ́pa. Ẹ jẹ́ kí onílù lù, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbọ́ ìlù bọ́ síwájú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

Kí tábìlì yẹn má ṣe wọ ìpàdé tó ń bọ̀. Bí mo bá rí i, màá ya àwòrán ìgò àti ọ̀rá náà, màá sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC fúnra mi. Mo ti sọ ọ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo dalẹ̀ ẹgbẹ́. Kí akọ̀wé pa ìwé orúkọ náà rẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì tọrọ àforíjì níbẹ̀, níbi tó gbé e sí. Kí ètò ijó padà sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ni níjó. Kí akápò ka iye tí alájẹṣẹ́kù ti san fún ọlọ́jà náà fún wa, kí ẹ sì fagi lé gbèsè gbogbo ẹni tó gbà á láwìn. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ fún màmá náà, ẹ gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa, kó gbé òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wá, kó sì wọn gbogbo wa, tó fi mọ́ ìgbìmọ̀, kí ó sọ iye olúkúlùkù sí i létí.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé ni ti àwọn tó ti ń jẹ kápúsù inú ọ̀rá. Ẹ pè wọ́n lónìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí fóònù, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n dà á sí ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́ yìí, torí ohun tí mo ti sọ nípa dídá a dúró lójijì. Kí wọ́n mú ọ̀rá náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó, kí dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa jáwọ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ń dá òòyì tàbí tó ń bì, kó má dúró di ọ̀la. Owó ọkọ̀ wọn àti ti àyẹ̀wò, láti àpò ẹgbẹ́ ni, torí ẹgbẹ́ ló tà á fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé náà,
Kubwa, Abuja.